Tí kórópọ̀n bá dédé ń dun ọmọkùnrin lóru, ẹ má dúró kílẹ̀ mọ́ o!

Tí orí bá ń fọ́ èèyàn, yóò sọ. Tí eyín bá ń ro ó, gbogbo ilé ni yóò gbọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ kórópọ̀n ló ń dun ọkùnrin, ńṣe ni yóò máa yasẹ̀ rìn bí ẹni tí ìjàlọ wọ inú ṣòkòtò ẹ̀. Tí wọ́n bá bi í pé kí ló dé, yóò ní kò sí nǹkan. Ìtìjú yìí gan-an ló ń ba nǹkan jẹ́, nítorí ọ̀kan wà nínú ìrora kórópọ̀n tí kì í fún èèyàn láàyè ọjọ́ méjì. Wákàtí mélòó kan péré ló máa ń fún un.

Ẹ fi ọmọ ọdún 14 kan ní ìlú Àgbàmú ṣe àpẹẹrẹ. Ó gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́, ó jẹun, ó sùn. Nígbà tó di aago 1 òru, ìrora jí i. Apá kan kórópọ̀n ẹ̀ ló ń dùn ún bí ẹni pé wọ́n fi ẹ̀mú fún un, ìsàlẹ̀ ikùn ẹ̀ ń ro ó, èébì sì ń gbé e. Ìyá àgbà gbọ́ ọ tó ń kérora, ó ní, “Kí ló ṣe ọ́, ọkọ mi?” Ojú ti ọmọ, kò lè dárúkọ ibẹ̀ fún ìyá àgbà. Ó ní, “Inú ló ń run mí, Màmá.” Wọ́n bu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí fún un. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n ra oògùn inú rírun ní kẹ́míìsì. Ìgbà tí bàbá ẹ̀ ti oko dé lọ́sàn-án ló tó ní kó bọ́ ṣòkòtò kóun wò ó. Apá kan ti wú, ó ti le. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: láti aago 1 òru sí aago 1 ọ̀sán, wákàtí 12 ti lọ. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn ọmọ náà, àmọ́ ibi tó ń dùn ún kọ́ ni wọ́n ń tọ́jú látàárọ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Okùn kan ló so kórópọ̀n kọ̀ọ̀kan rọ̀ nínú àpò ẹpọ̀n, inú okùn yẹn sì ni iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá síbẹ̀ ń gbà kọjá. Àwọn ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé látinú oyún ni tiwọn ò ti lẹ̀ mọ́ ara dáadáa, tó ń mì dirodiro bí ọmọ inú agogo. Lọ́jọ́ kan, ó lè jẹ́ lójú oorun, ó lè jẹ́ lẹ́yìn eré sísá, yóò dédé yí po, okùn á lọ́ bí ìgbà téèyàn ń fún aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Tó bá ti lọ́, ẹ̀jẹ̀ ò ráyè wọlé mọ́. Torsion làwọn dókítà ń pè é.

Àwọn ọmọ ọdún 12 sí 18 ló máa ń ṣe jù, àmọ́ ó ń ṣe ọmọ jòjòló, ó sì lè ṣe àgbà. Tí wọ́n bá fi iṣẹ́ abẹ tú u láàárín wákàtí 6 tí ìrora bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ ló máa ń yè. Tó bá fi máa pé wákàtí 24, ọ̀pọ̀ jù lọ ló ti kú, yíyọ ni wọ́n máa yọ ọ́. Dókítà yóò tún rán ìkejì mọ́lẹ̀, kóun náà má baà yí lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tó bá ṣẹ́ ku ẹyọ kan ṣì lè bímọ, àmọ́ ta ló fẹ́ pàdánù ohun tó ṣeé gbà là?

Kì í ṣe gbogbo ìrora ibẹ̀ ni torsion o. Àtọ̀sí àtàwọn àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn lè mú kó wú díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ibà àti ìtọ̀ tó ń ta ni. Tọkọtaya ló gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú. Ṣegede lè sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀ lára ọmọkùnrin tó ti bàlágà. Ìpá náà sì pín sí méjì. Èyí tó jẹ́ omi kì í sábà dunni. Kòkòrò kan tí ẹ̀fọn ń gbé kiri wà lára ohun tó ń fà á. Èyí tó jẹ́ pé ìfun ló sọ̀ kalẹ̀ ló léwu: tó bá le, tó ń dunni, tí kò padà sókè mọ́, tí èébì sì tẹ̀ lé e, òun náà ò gbọdọ̀ sùn ilé mọ́jú.

Ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìrora tó bá dé lójijì, pàápàá lápá kan, ọsibítù ló kàn. Kódà tó bá lọ fúnra ẹ̀, kí wọ́n ṣì lọ, torí ó lè padà wá. Kí wọ́n má ra á, kí wọ́n má fi omi gbígbóná jó o, kí wọ́n má fún ọmọ lóúnjẹ tàbí àgbo, torí wọ́n lè ní láti ṣiṣẹ́ abẹ fún un lójú ẹsẹ̀. Láti Àgbàmú, ọsibítù ìjọba wà ní Òmù-Àrán. Tí wọ́n bá ní ó di UITH n’Ílọrin, kí wọ́n gba ọ̀nà Àjàsẹ́-Ìpo lọ tààrà, kí wọ́n má yà sílé wáá di ẹrù. Látẹnu ọ̀nà ọsibítù ni kí wọ́n ti sọ ọ́ pé kórópọ̀n ló ń dun ọmọ, kí wọ́n sì sọ aago tó bẹ̀rẹ̀.

Bàbá tó lè kọ́ ọmọ ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ebè, ó yẹ kó lè jókòó tì í fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó sọ fún un pé, “Tí ibẹ̀ yẹn bá dédé ń dùn ẹ́, bó jẹ́ òru ọ̀gànjọ́, wáá jí mi.”