Ó Tó Àkókò Kí Benin Fi Owó Ara Rẹ̀ Ṣe Ìwádìí Iṣẹ́ Abẹ

Bí dókítà bá ti gé ibi tí jẹjẹrẹ mú nínú ìfun kúrò, tó sì ti so ìfun pọ̀, ìránpa ikùn ló kù. Ìbọ̀wọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lásìkò náà ti kan inú ìfun, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn irinṣẹ́ tó ń lò. Bó bá fi wọ́n rán awọ ikùn, kòkòrò inú ìgbẹ́ lè bá wọn wọ ojú ọgbẹ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọgbẹ́ náà lè wú, kó máa gbóná, kó sì máa ṣọyún. Aláìsàn tó yẹ kó ti délé á ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn ẹbí rẹ̀ á sì tún máa sáré owó oògùn kiri.

Bí wọ́n bá pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ àti irinṣẹ́ kí wọ́n tó rán ikùn, ṣé wàhálà yìí á dín kù? Ó pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí àwọn mìíràn kì í ṣe é, láìsí ẹ̀rí tó dájú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwádìí tí wọ́n pè ní ChEETAh ló yanjú rẹ̀. Ilé ìwòsàn 81 ló kópa ní orílẹ̀-èdè méje: Benin, Gáná, Nàìjíríà, Rùwáńdà, Gúúsù Áfíríkà, Íńdíà àti Mẹ́síkò. Gègé ni wọ́n ṣẹ́ láti yan àwọn ilé ìwòsàn tí yóò máa pààrọ̀ àti àwọn tí yóò máa ṣe bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Aláìsàn tó lé ní 13,000 ló wọ inú rẹ̀, wọ́n sì ń yẹ ọgbẹ́ wọn wò títí di ọgbọ̀n ọjọ́. Èsì jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní 2022: níbi tí wọn kò ti pààrọ̀, nǹkan bí 19 nínú aláìsàn 100 ni kòkòrò wọ ọgbẹ́ wọn, níbi tí wọ́n ti pààrọ̀, ó wálẹ̀ sí 16. Dókítà Ismaïl Lawani, oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn ńlá Àjàṣẹ́, CHUD-OP ní Porto-Novo, ló ṣáájú àwọn ará Benin nínú iṣẹ́ náà.

Ìwádìí mìíràn tí àwọn orílẹ̀-èdè méje yìí kan náà ṣe, FALCON, gba àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ìnáwó tí kò pọn dandan. Ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí wọ́n máa fi chlorhexidine olótí nu ara aláìsàn kí wọ́n tó gé e, ó sì tún dábàá pé kí òwú tí wọ́n ń fi rán ọgbẹ́ jẹ́ èyí tí wọ́n fi oògùn triclosan kùn. Àwọn méjèèjì wọ́n ju áyódíìnì àti òwú lásán lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n yẹ aláìsàn 5,788 wò ní ilé ìwòsàn 54, èsì tó jáde ní 2021 fi hàn pé wọn kò dáàbò bo ọgbẹ́ ju ti olówó pọ́ọ́kú lọ. Ní ìlú tó jẹ́ pé, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹbí aláìsàn ló ń mú ìwé oògùn lọ ra òwú àti ìbọ̀wọ́ kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, owó sẹfà tó wà nínú àpò ẹbí ni ìwádìí yẹn dá sí.

Ti jẹjẹrẹ tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2021 kan náà, ẹgbẹ́ olùwádìí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń pè ní GlobalSurg tẹ èsì ohun tí wọ́n rí lára aláìsàn 15,958 jáde, àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọyàn, ìfun ńlá tàbí àpò oúnjẹ fún ní orílẹ̀-èdè 82. Ìṣòro ńlá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín ìlú olówó àti ìlú tálákà. Ikú tó tẹ̀lé ìṣòro náà ló yàtọ̀ gidigidi: àwọn aláìsàn ìlú tálákà ló ń kú jù. Ìtọ́jú ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣaláìní, ìyẹn ibi tí wọ́n ti lè máa ṣọ́ aláìsàn tọ̀sán-tòru kí wọ́n lè tètè dóòlà ẹ̀mí rẹ̀. Ìjọba tó bá mọ èyí mọ ibi tó yẹ kó kọ́kọ́ náwó sí.

Àmọ́ owó ta ni wọ́n fi ṣe ChEETAh àti FALCON? Owó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni, láti ọwọ́ àjọ ìwádìí ìlera wọn, NIHR, Yunifásítì Birmingham ló sì ṣe agbátẹrù rẹ̀. Ọpẹ́ yẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì 2025, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé òun yóò tún gé owó ìrànwọ́ tí òun ń fún àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Àwọn àgbà ní oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Ìwádìí tí Benin kò fi kọ́bọ̀ sí, kò lè pàṣẹ bí yóò ṣe máa lọ, kò sì lè dá a dúró ṣinṣin bí ẹlòmíràn bá kó owó rẹ̀ lọ.

Àwọn kan á ní ìwádìí ìṣègùn kò yàtọ̀ sí kí òyìnbó fi ènìyàn dúdú dánra wò. Ìbẹ̀rù yẹn ní ìdí. Ní Kano ní 1996, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, ẹjọ́ rẹ̀ sì fa ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwòsàn ìbẹ̀rù náà ni kí ìwádìí wà lábẹ́ òfin ilẹ̀ yìí àti lọ́wọ́ àwọn dókítà ilẹ̀ yìí, kí wọ́n fi èdè Gùn tàbí Yorùbá ṣàlàyé fún aláìsàn, kó gbà tinútinú tàbí kó kọ̀ láìsí ìyà.

Ìbéèrè tó kù sì pọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá ìgbẹ́ jáde, jẹ̀díjẹ̀dí lọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. Wọ́n á dín ṣúgà kù, wọ́n á máa mu àgbo. Nígbà mìíràn jẹ̀díjẹ̀dí náà ni. Nígbà mìíràn jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni, oṣù tí àgbo gbà sì ni jẹjẹrẹ fi tàn kálẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, ẹgbẹ́ olùwádìí jẹjẹrẹ ARGO, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúṣẹ́gun Alátiṣe wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀, ń bá ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ti New York ṣèwádìí lórí irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ta ló yẹ kí wọ́n tètè yẹ inú ìfun rẹ̀ wò ní Àjàṣẹ́, ní Sakété, ní Kétu? Ìlú òkèèrè kò lè dáhùn ìyẹn fún Benin.

Àjàṣẹ́ ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Benin wà, ìlú kan náà pẹ̀lú CHUD-OP. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dìbò lé ìṣúná ọdọọdún lórí. Kí àwọn aṣòfin ya owó sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì tí yóò máa tọpa aláìsàn títí ọgbọ̀n ọjọ́, fún ilé àyẹ̀wò ẹran ara, àti fún ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tí jẹjẹrẹ mú. Kí àwọn olùdìbò náà sì bi wọ́n léèrè bí wọn kò bá ṣe é.