Ẹyẹ Tí A Fi Ń Wúre, Tí Ojú Wa Kò Mọ̀

Ó ṣọ̀wọ́n kí àwọn àgbà wúre níbi ìkómọjáde tàbí ìgbéyàwó nílẹ̀ Yorùbá kí wọ́n má dárúkọ agbe, àlùkò àti lékèélékèé. Àmín a sì máa dún kíkan kíkan. Ṣùgbọ́n bí agbe bá bà sórí igi lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ náà gan-an, ẹni mélòó nínú àwọn tó ń ṣe àmín ni yóò dá a mọ̀? Ohun tí ènìyàn kò bá mọ̀ lójú, bó bá sọnù, kò ní mọ̀ pé ó sọnù. Ibi tí ewu wà nìyí.

Ẹni tó bá fẹ́ dán ara rẹ̀ wò kò nílò ju ìrìn-àjò ọjọ́ kan lọ, láti Ìbàdàn gba Ìwó dé Òṣogbo. Ní òwúrọ̀ kùtù, kí ó kọ́kọ́ yà sí ọgbà IITA ní Ìbàdàn, níbi tí igbó tó tó nǹkan bí hẹ́kítà 350 ṣì wà. Wọ́n máa ń rí ẹyẹ Malimbus ibadanensis níbẹ̀, ìbátan ẹ̀gà, adúdú tó ní pupa lórí àti láyà. Elgood, olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tó di Yunifásítì Ìbàdàn, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní 1958. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló ń gbé ní gbogbo àgbáyé. Orúkọ Ìbàdàn ló ń jẹ́, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn kò gbúròó rẹ̀ rí.

Lójú ọ̀nà, bí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, òdòdó Tithonia a máa tàn bí oòrùn lẹ́bàá títì. Láti ìhà Mẹ́síkò ló ti wá. Bí ọyẹ́ bá dé, ó kan òdòdó wẹ́wẹ́ ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀. Àlejò láti Amẹ́ríkà ni òun náà, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ tó bá a lóko kò pè é ní koríko kan ṣá; orúkọ àwọn olóṣèlú ìgbà wọn ni wọ́n fi sọ ọ́. Ojú tó ń wo nǹkan ló ń sọ nǹkan lórúkọ.

Ìwó olódídẹrẹ́ ni à ń ki ìlú tó kàn. Ta ló ń retí odídẹrẹ́ lójú sánmà Ìwó lónìí? Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan láti fòfin de òwò odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, nítorí pé ìdẹkùn àti gígé igbó ti dín wọn kù gidigidi. Oríkì ṣì wà lẹ́nu. Ẹyẹ tó ni oríkì ló ń lọ.

Àwọn kan yóò ní ebi ń pa ará ìlú, kí ni ti ẹyẹ? Kí wọ́n rántí igún, tó ń palẹ̀ òkú ẹran mọ́ láìgba kọ́bọ̀. Láti 2015 ni wọ́n ti ka igún tó wọ́pọ̀ ní àárín ìlú tẹ́lẹ̀ mọ́ àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kó run. Bí kò bá sí igún, ìdọ̀tí àti àrùn kò ní ṣàì kan ará ìlú.

Òṣogbo ni ìrìn-àjò náà parí sí, ní igbó Ọ̀ṣun tó tó hẹ́kítà 75, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Èèwọ̀ ni ọdẹ ṣíṣe àti igi gígé níbẹ̀. Odi ló dáàbò bo igbó Ìbàdàn, èèwọ̀ ló dáàbò bo ti Òṣogbo. Igbó ọba yòókù, tí kò ní odi tí kò sì ní èèwọ̀, ọwọ́ ìjọba ló wà. Kí àwọn gómìnà ṣọ́ ọ gidi, kí wọ́n yé fi òfin ṣe ọ̀ṣọ́. Kí olùkọ́ sì kó àwọn ọmọ jáde lọ wo agbe, kí àmín tí wọ́n ń ṣe lè ní ìtumọ̀.