Kí Àwọn Nọ́ọ̀sì Máa Wo Ẹnu Ọmọ

Ọmọ tí a bá bí ní Ọ̀fà lónìí, kí ó tó pé ọdún méjì, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni ó yẹ kí ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára: ní ọjọ́ tí a bí i, ní ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, oṣù 9 àti oṣù 15. Oníṣègùn eyín ńkọ́? Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ àfi bí eyín bá ń dùn wọ́n tí wọn kò lè sùn. Nítorí náà, ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni ìtọ́jú ẹnu ọmọdé ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ní ìparí ọdún 2008, àwọn ìyá tí ọmọ wọn ń hu eyín ra oògùn olómi kan tí a ń pè ní My Pikin. Májèlé tí ó wà nínú rẹ̀ ba kíndìnrín àwọn ọmọ náà jẹ́, àwọn tí ó kú ní ilẹ̀ Nàìjíríà sì lé ní 80. Àwa kò dá àwọn ìyá náà lẹ́bi. Ìfẹ́ ọmọ ni ó sún wọn dé ìdí oògùn. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí a ti ń gbà gbọ́ pé eyín híhù ni ó ń fa ibà àti ìgbẹ́ gbuuru. Kò rí bẹ́ẹ̀. Eyín híhù a máa mú kí itọ́ dà, kí erìgì sì máa yún ọmọ. Ibà líle àti ìgbẹ́ gbuuru jẹ́ àmì àrùn mìíràn, tí a gbọ́dọ̀ tètè gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Ta ni ìyá yóò gbà gbọ́ lórí èyí ju nọ́ọ̀sì tí ó gba ẹ̀bí rẹ̀ lọ?

Àìsàn kan tún wà tí ń jẹ́ noma. Erìgì tí ó wú, tí ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀, ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ tí kò rí oúnjẹ tí ó dára jẹ. Bí a bá tètè rí i, oògùn a máa wò ó. Bí a bá fi falẹ̀, a máa jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, a sì máa pa á. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, lẹ́yìn tí Nàìjíríà ti ṣáájú àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn nínú ẹ̀bẹ̀ náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àwọn àrùn tí ayé pa tì.

Àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ ti wọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí a gbé ètè ọmọ sókè wò kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kò sì pẹ́ kí a tó sọ fún ìyá pé kí ó má ṣe jẹ́ kí ọmọ sùn pẹ̀lú ìgò ohun mímu oníṣúgà lẹ́nu, àti pé láti ìgbà tí eyín àkọ́kọ́ bá ti yọ, kí ó máa fi ọṣẹ ìfọyín tí ó tó hóró ìrẹsì kan fọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́.

A ń ké sí ìjọba Ìpínlẹ̀ Kwara pé kí wọ́n fi wíwo ẹnu kún iṣẹ́ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera tí ó wà ní Ọ̀fà sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ dáradára nípa rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá pẹ̀lú, bí nọ́ọ̀sì bá gbàgbé, ẹ rán an létí. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.