Àkeekèé Aṣálẹ̀ àti Ẹ̀kọ́ Aswan



Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, òjò ńlá rọ̀ ní Aswan, ní gúúsù ilẹ̀ Íjíbítì, ìlú tí òjò ti ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Yìnyín bọ́, àgbàrá sì ya wọ inú ihò àpáta àti iyanrìn tí àkeekèé ń gbé. Nígbà tí ihò wọn kún fún omi, wọ́n sá wọ ilé ènìyàn. Ẹni tí wọ́n ta lé ní 500.

Ìròyìn tí ó kọ́kọ́ tàn káyé ni pé ènìyàn 3 ti kú. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ìjọba fún ètò ìlera sọ pé oró àkeekèé kò pa ẹnì kankan. Kí ni ó kó wọn yọ? Abẹ́rẹ́ tí ń pa oró náà wà nílẹ̀. Wọ́n pe àwọn dókítà tí ó wà ní ìsinmi padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì kó abẹ́rẹ́ sí i lọ sí àwọn abúlé ẹ̀bá òkè àti aṣálẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe oró nìkan ni ó ń pani. Jíjìnnà sí ìtọ́jú ń pani pẹ̀lú. Nínú àkeekèé tí ó léwu jù níbẹ̀, ọ̀kan ní àwọ̀ bí iyanrìn, òmíràn dúdú, ìrù rẹ̀ sì sanra. Oró wọn ń da iṣan ara rú, ó sì lè dé ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọdé ni ó wà nínú ewu jù, nítorí ara rẹ̀ kéré sí oró náà.

Ọ̀ràn yìí kàn wá. Irú àkeekèé wọ̀nyí wà ní ilẹ̀ Lárúbáwá, ìta gbangba sì ni àwọn ará wa tí ó lọ sí Hájì ń sùn ní Musidalifa. Kí olúkúlùkù gbọn ẹní, aṣọ àti bàtà rẹ̀ dáadáa kí ó tó lò wọ́n. Kí a má rìn láìwọ bàtà lóru. Bí àkeekèé bá ta ẹnikẹ́ni, kí a má sín in ní gbẹ́rẹ́, kí a má fi ẹnu fa oró, kí a má sì fi okùn dì í pinpin. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá, pàápàá bí ó bá ń làágùn, tí ó ń bì, tàbí tí èémí rẹ̀ kò já gaara.

Àwọn kan yóò ní àdúrà tó. Àdúrà dára. Ṣùgbọ́n Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, pàṣẹ pé kí a pa ejò àti àkeekèé, bí a tilẹ̀ wà lórí ìrun. Bí ìrun kò bá dí wa lọ́wọ́ àtipa àkeekèé, ẹ má jẹ́ kí àdúrà dí wa lọ́wọ́ àtilọ gba abẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin aṣáájú àwọn arìnrìn-àjò, kí ẹ tó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ilé ìwòsàn wà. Kí Allah ṣọ́ wa lálọ àti lábọ̀. Àmín.