Orúkọ rẹ̀ ni Vesta Stoudt

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ n sọ èyí kó kúrò lọ́kàn mi. Gbogbo fídíò "ta ló ṣe kí ni" yìí, tó bá ti kan duct tape, téèpù aláṣọ aláwọ̀ eérú yẹn, wọ́n á ní "Johnson & Johnson ló ṣe é", wọ́n á sì kọjá. Kì í ṣe irọ́. Àmọ́ ìdajì tí wọ́n gé kúrò níbẹ̀ ló ń bí mi nínú.

Lọ́dún 1943, ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́. Vesta Stoudt ń di ọta ìbọn sínú páálí nílé iṣẹ́ ohun ìjà Green River ní Illinois, l'Amẹ́ríkà. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń lẹ ẹnu páálí, wọ́n á wá rì í bọnú ìda kí omi má bàa wọlé. Etí bébà díẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ kí sójà lè fà á ṣí.

Bébà o! Tí sójà bá fà á, á já sí i lọ́wọ́. Kó wá máa fi èékánná ha ìda nígbà tí ọ̀tá ń yìnbọn bọ̀. Ọmọkùnrin Stoudt méjì sì wà lára ọmọ ogun ojú omi.

Ó ní kí wọ́n lo téèpù aláṣọ tí omi ò lè wọ̀. Àwọn ọ̀gá ní àbá yẹn dáa, wọn ò sì ṣe nǹkan kan. (Ṣebí ẹ mọ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀.) Lọ́jọ́ 10 oṣù kejì, ó kọ lẹ́tà sí Ààrẹ Roosevelt fúnra rẹ̀, ó ya àwòrán sí i. Roosevelt gbé e fún War Production Board. Ìgbà táwọn yẹn fọwọ́ sí i ni iṣẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ Johnson & Johnson.

Aṣọ òwú láàárín, ọ̀rá lókè, gọ́ọ̀mù rọ́bà nísàlẹ̀. Ọwọ́ lásán lo máa fi ya á, o ò nílò sáàsì. Òun náà ni wọ́n fi gba ẹ̀mí àwọn ará Apollo 13 là lójú òfuurufú lọ́dún 1970.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ: ilé iṣẹ́ yẹn ti ń ṣe téèpù aláṣọ fáwọn dókítà tẹ́lẹ̀. Mo gbà. Ta ló wá mọ̀ pé bébà yẹn máa já? Ṣé ẹni tó wà ní ọ́fíìsì ni, àbí ẹni tó ń di páálí látàárọ̀ ṣúlẹ̀?

Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ ṣe fídíò yẹn, S-t-o-u-d-t ni wọ́n ń kọ ọ́.