LÁKỌ̀WÉ: TA LÓ RÍ ṢE JÙ, TÁÌLÀ KÚTỌNÙ TÀBÍ MẸ́GÁÀDÌ?

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán ní ojú ọ̀nà Ajah sí Ẹ̀pẹ́, ì báà jẹ́ ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, ì báà jẹ́ lábẹ́ igi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń sinmi. Àlejò méjì ni wọ́n máa ń fi wé ara wọn: ta ni owó ń wọlé fún jù nínú wọn? Ọ̀kan ni bíríkìlà tàbí táìlà tó ti Kútọnù, Àjàṣẹ́ tàbí Lómé wá. Èkejì ni mẹ́gáàdì ẹnu géètì, òun àti àbúrò rẹ̀ mẹ́ruwà tó ń ti ọmọlanke omi kiri. Àwọn ará àdúgbò a máa pe àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ní "ará Kano". Ará Kano wà nínú wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ti Tahoua, Maradi, Dosso tàbí Zinder wá, ní orílẹ̀-èdè Niger, lókè lọ́hùn-ún níbi tí òjò kì í ti í pẹ́ kó tó dá.

Bí ẹ bá bi ènìyàn mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ni yóò ní táìlà ló lówó jù, tí wọ́n á sì tún fi ọ́n-rán-ọ́n rẹ́rìn-ín mẹ́gáàdì. Ìṣirò rẹ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Lákọ̀wé wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, ó ti kọjá Sangótẹ̀dó, Abíjọ àti Awóyáyà. Orúkọ rẹ̀ jọ ti ìlú tí wọ́n ń fi kálàmù jẹun, ṣùgbọ́n ṣọ́bìrì àti hẹ́dípáànù ló gbòde níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ìfọpo Dangote àti èbúté Lẹ́kí níwájú lọ́hùn-ún, tí wọ́n sì ṣí méjèèjì ní 2023, ilẹ̀ ti gbówó lórí, ẹ́sítéètì sì ń hù bí olú. Lákọ̀wé fúnra rẹ̀ ní ẹ́sítéètì tó ní pápá gọ́ọ̀fù. Ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ń fẹ́ táìlà. Ilé tí owó tán sí lọ́wọ́, tó dúró láìní òrùlé, ń fẹ́ mẹ́gáàdì. Nídìí ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ táìlà. Kọngílá tó bá fẹ́ kí ògiri òun gún, kí táìsì ilẹ̀ má sì dún kọ̀ǹkọ̀ bí wọ́n bá fi bàtà kàn án, ọmọ Kútọnù tàbí ọmọ Tógò ló máa ń wá. Kì í ṣe oògùn ni wọ́n ń lò, ìkọ́ṣẹ́ wọn ló le. Ọmọ iṣẹ́ lè lo ọdún mẹ́ta lábẹ́ ọ̀gá, tó bá sì fẹ́ gba ìwé, ìdánwò wà fún un. CQM ni wọ́n ń pe ìwé ẹ̀rí náà ní Benin. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á ṣe ayẹyẹ ìtúsílẹ̀ fún un, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe ń ṣe fírídọ́ọ̀mù. Ọmọ Èkó tó bá lo oṣù mẹ́fà ti ra tírówẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, ó ti di ọ̀gá, ó tún ti ń bú ọ̀gá tó kọ́ ọ.

Àǹfààní èdè tún wà. Ọmọ Àjàṣẹ́ ń sọ Ègùn, Ègùn náà sì wà ní Àgbádárìgì. Ẹni tó bá ti Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ wá, Yorùbá pọ́ńbélé ni, ọjọ́ tó dé náà ló lè bá onílé dúnàádúrà. Àgànyìn ni àwọn àgbà Èkó ń pe gbogbo wọn pọ̀, láìbìkítà ẹni tó jẹ́ Ègùn, Éwè tàbí Fọ̀n. Ìyàwó táìlà lè gbé ìkòkò ẹ̀wà Àgànyìn kaná ní ẹ̀gbẹ́ sáìtì kí ilẹ̀ tó mọ́, kí àwọn lébìrà sì ti tò síwájú rẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́. Owó kejì ti ń wọlé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Owó táìlà kì í ṣe owó oṣù. Bí owó onílé bá tán, iṣẹ́ dúró. Bí símẹ́ǹtì bá gbówó lórí, iṣẹ́ dúró. Bí òjò bá fi omi kún àdúgbò tí mọ́tò táìsì kò fi lè wọlé, iṣẹ́ dúró. Kọngílá mìíràn a sì jẹ ẹ́ lówó, a ní kó padà wá ní Sátidé. Sátidé ọ̀hún kì í sì í dé. Yàrá tí òun àti àwọn mẹ́ta jọ háyà sí Awóyáyà kò mọ̀ pé iṣẹ́ dúró. Onílé ń ka oṣù rẹ̀.

Mẹ́gáàdì ńkọ́? Kò kọ́ṣẹ́ kankan. Ara rẹ̀ àti ojú rẹ̀ tí kì í sùn ló gbé wá. Hausa tàbí Zarma ló ń sọ, Yorùbá tó gbọ́ kò sì ju "ẹ káàárọ̀, màdáàmù" àti "ọ̀gá ò sí nílé" lọ. Owó oṣù rẹ̀ kéré, ibi tó ń sùn sí lẹ́nu géètì kò fẹ̀ ju ilé adìẹ lọ. Bí ohunkóhun bá sọnù nínú ilé, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ dì mú. Gbogbo èyí jẹ́ òótọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí kì í san. Kì í san owó ilé. Kì í wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́. Ní àárọ̀, a fọ ọkọ̀ ọ̀gá, a tún fọ ti aládùúgbò. Bó bá di ọ̀sán, tábìlì kékeré kan ti dé ẹnu géètì: míńtì, sìgá, obì, ọṣẹ, sàdíìnì agolo méjì. Owó kan wà lórí tábìlì yẹn tí ọ̀gá inú ilé kò mọ iye rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ń ta omi, nítorí omi ilẹ̀ agbègbè yẹn a máa pọ́n bí ìpẹtà, ẹni tó bá sì fẹ́ se ọbẹ̀ ní láti ra èyí tó mọ́. Lálẹ́, àwọn mẹ́rin tàbí márùn-ún á dá owó, wọ́n á se túwó nínú ìkòkò kan ṣoṣo.

Wọn kì í sì í fi àga sílẹ̀ fún ẹni tí wọn kò mọ̀. Nígbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Niger, ní nǹkan bí oṣù June, mẹ́gáàdì a lọ sílé lọ gbin jéró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ọmọ abúlé rẹ̀ a jókòó sórí àga náà dè é. Ọ̀gá mìíràn kì í tilẹ̀ tètè mọ̀ pé ẹni àná kọ́ nìyí. Bí ìkórè bá parí, ìrìn tún bẹ̀rẹ̀. Hausa ní orúkọ fún un: cin rani, ìyẹn jíjẹ ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn bàbá wọn náà ti rin irú rẹ̀.

Ẹ wá fi owó àpẹẹrẹ lásán ṣe ìṣirò rẹ̀. Táìlà tó bá rí iṣẹ́ ọjọ́ 12 nínú oṣù kan, ní 15,000 náírà lójúmọ́, 180,000 ló gbà. Kó yọ owó yàrá, kó yọ oúnjẹ, kó yọ owó ọkọ̀, kó yọ ti ìyàwó àti ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí 50,000 bá ṣẹ́ kù, kó dúpẹ́. Mẹ́gáàdì tó ń gba 60,000, tó rí 25,000 nídìí ọkọ̀ fífọ̀ àti tábìlì, 85,000 péré ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè fi 30,000 jẹun kó sì fi 55,000 pamọ́. Ẹni tó gba owó tí kò tó ìdajì ló rí èyí tó pọ̀ jù tọ́jú! Bó bá wá jẹ́ oṣù tó dára, tí táìlà rí ọjọ́ 22 ṣe, 330,000 nìyẹn, ọ̀rọ̀ sì yí padà pátápátá. Ibi tí àríyànjiyàn náà ti ń dà rú gan-an nìyí. Ẹni tó ń gbè sẹ́yìn táìlà ń ka oṣù tó dára. Ẹni tó ń gbè sẹ́yìn mẹ́gáàdì ń ka odindi ọdún. Ẹni tó bá ní ìṣirò tó yàtọ̀, ojú ìwé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ fún un.

Ohun kan wà tó ń bá àwọn méjèèjì jà, sẹ́fà ni. Benin, Tógò àti Niger ni wọ́n jọ ń ná an, wọ́n sì ti so ó mọ́ owó Yúróòpù, sẹ́fà 655.957 sí euro kan, kì í yẹ̀. Náírà ló ń yẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ẹni tó bá gbé 100,000 náírà lọ bá àwọn tó ń ṣẹ́ owó ń gba ju 70,000 sẹ́fà lọ. Ní June ọdún yẹn ni ìjọba tú náírà sílẹ̀ kó máa bá ọjà lọ. Nígbà tó fi máa di àárín 2024, 100,000 náírà ọ̀hún kò mú 50,000 sẹ́fà wá mọ́. Ọkùnrin náà kò dín iṣẹ́ kù, ọ̀gá kò gé owó rẹ̀, iye tó ń fi ránṣẹ́ kò yí padà. Ṣùgbọ́n ìyàwó tó wà nílé rí i pé owó ti dín, ó sì rò pé ọkọ òun ti fẹ́ obìnrin mìíràn ní Èkó.

Ìyà kan náà ló jẹ wọ́n, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀nà wọn ti pín.

Táìlà lè kúrò ní Lákọ̀wé láàárọ̀, kó gba Sèmè kọjá, kó sì sùn sí Àjàṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Irinṣẹ́ rẹ̀ kò ju ohun tí báàgì kan gbà lọ. Láti 2016 tí ìjọba Patrice Talon ti bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀nà àti ìkọ́lé pọ̀ ní Kútọnù. Bí náírà kò bá dùn mọ́, yóò lọ tẹ́ táìsì nílé, yóò sì gba sẹ́fà. Ó lè tún padà wá bí ọjà Èkó bá dára.

Mẹ́gáàdì kò lè gbé géètì lórí. Ìrìn rẹ̀ gùn, títí dé Sókótó, kó tó gba Ìllẹ́là bọ́ sí Konni, kí ti Tahoua tó kàn. Ní July 26, 2023, àwọn ológun gba ìjọba ní Niger, ECOWAS fi ìyà owó jẹ wọ́n, Nàìjíríà sì ti ibodè pa. March 2024 ni wọ́n tó ṣí i. Ẹni tí jéró rẹ̀ gbó sóko ní ọdún yẹn, ọ̀nà ẹ̀yìn ló kù fún un. Ní January 29, 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso kúrò nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé àdéhùn rẹ̀ ti 1979 ló fún gbogbo wọn láyè láti wọlé láìgba físà fún ọjọ́ 90. ECOWAS ní kí wọ́n ṣì máa gba ìwé ìrìnnà wọn títí di ìgbà mìíràn. "Títí di ìgbà mìíràn" kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn dáadáa.

Àwọn àgbà rántí 1983. Àsìkò epo rọ̀bì ló fa àwọn àlejò wá, nígbà tí náírà kan ń ra ju dọ́là kan lọ. Ní January 17 ọdún náà, Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba Shagari, ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ. Ọjọ́ 14 ni wọ́n fún ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n fún un títí di February 28. Ará Ghana ló pọ̀ jù nínú àwọn tó lọ, ibẹ̀ ni báàgì "Ghana Must Go" ti gba orúkọ, ṣùgbọ́n àwọn ará Niger, Benin, Tógò àti Chad náà bá a lọ. Ẹ ò rí nǹkan? Nínú ìlékúrò pàápàá, iṣẹ́ ọwọ́ ra ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fún ẹni tó ní in. Yorùbá náà mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tí ìjọba Busia lé àwọn àjèjì kúrò ní Ghana ní November 1969, ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ní ìsọ̀ níbẹ̀ fi ọjà sílẹ̀ wálé. Ìsọ̀ kò ṣeé dì sínú báàgì.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ ti owó tí wọ́n ń tọ́jú lóṣooṣù ni, mẹ́gáàdì kì í ṣe ẹni tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣẹ̀sín. Ìdààmú rẹ̀ ni pé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, orí àga kan náà ló ṣì wà. Táìlà lè di fóómàn, fóómàn lè di kọngílá kékeré. Àtẹ̀gùn tí mẹ́gáàdì sábà máa ń rí ni ọ̀kadà. Yóò fi owó tó ti ń tọ́jú ra á, ohun tó sì lè ṣẹlẹ̀ sí i nìyí: ní June 1, 2022, ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Etí-Ọ̀sà tí Ajah wà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, wọ́n sì ń fi katakata fọ́ èyí tí wọ́n bá gbà. Ìbẹ́jú-Lẹ́kí kò sí nínú mẹ́fà náà. Owó ọdún méjì lè máa mówó wọlé ní Lákọ̀wé, kó sì di irin àlòkù bó bá ṣèèṣì gbé èrò kọjá sí Ajah.

Ní àwọn sáìtì kan, ọmọ Niger ti ń ru táìsì, ó ń po símẹ́ǹtì fún ọmọ Kútọnù. Bó bá dúró pẹ́, kò sí ohun tí kò ní kọ́ ọ. Ojú rẹ̀ mọ́ iṣẹ́, ó sì ń wò ó. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ni ọ̀gá ń béèrè, láìsí owó oṣù, láìsí lílọ sílé. Bí May bá sì ti ń parí, ojú ọ̀run ń ṣú ní Tahoua, bàbá rẹ̀ á ránṣẹ́ pé kó máa bọ̀, ilẹ̀ jéró ti ń dúró dè é.