Ìtàn Tí A Kò Sọ Lọ́jọ́ Òmìnira

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, kí ló dé tí ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá fi ń kọjá ní Ìlọrin láìmú orí wa wú? Àwọn ọmọ wa á yan, wọn á ju àsíá, wọn á jẹ ìrẹsì, ó parí. Ta ló sọ fún wọn pé ní oṣù kejì ọdún 1897, láyé Ẹ́míà Sùlèmánù, George Goldie kó ọmọ ogun Royal Niger Company wá, wọ́n fi ìbọn Maxim pa àwọn ẹlẹ́ṣin wa, wọ́n sì fi àgbá lu ìlú? (Aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ló pọ̀ jù nínú wọn, ẹ má ṣe fi ìyẹn pamọ́.) Ìtàn Àfọ̀njá àti Álímì nìkan la mọ̀ ọ́n sọ, òun náà la sì fi ń bú ara wa. Báwo ni òmìnira ọdún 1960 yóò ṣe dùn mọ́ ọmọ tí kò mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa? Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin àáfà ilé kéú, ẹ sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó lọ yan.